Awọ Tó Wà Lórí Okùn

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń bọ́ awọ ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́, á máa bó ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fọ awọ náà mọ́ tónítóní, á sá a sórí okùn, á sì wọlé lọ sùn láìní awọ lára. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ká a, á gbọ̀n ọ́n, á gbé e wọ̀. Ẹnì kan búra pé òun fojú òun rí i tí omi ń kán tó, tó, tó ní ìka rẹ̀ márààrún. Ẹlòmíì ní ara tó wà lábẹ́ awọ yẹn, àwọ̀ ewé ló ní. Ọkùnrin tó ń ta bátìrì ní ìkóríta ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, pé awọ méjì ló ní, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ọjọ́ Àìkú.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ. Ẹ máa tó rí ìdí rẹ̀.

Ìyá Rélùwéè ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, torí ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ lójú irin. Kì í wa ọkọ̀, kì í já tíkẹ́ẹ̀tì. Igbó ló ń ro. Ìtàkùn kan wà tó máa ń gun ọgbà wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń yọ, ó ń dán, ó lẹ́wà bí ohun tí èèyàn lè já lọ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Fọwọ́-kàn-mí-kóo-rí ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́. Òróró kan wà lára rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Bó bá kan èèyàn lónìí, kò ní sọ nǹkan kan. Ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀tunla kó tó jẹ ẹ́ níyà: ara á pọ́n, á máa yún, á sú, á wá yọ ìléròrò tí omi kún inú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló sì máa ń gbà kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jìyà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ débi iṣẹ́. Ó ní ojú òun wú débi pé nígbà tóun wo dígí, òun kí ẹni tóun rí níbẹ̀ pé ẹ káàárọ̀, mà.

Èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, kì í mú àdá láìkọ́kọ́ para. Ìpara kan ni wọ́n ń fún wọn níbi iṣẹ́, ó wà nínú ike ọlọ́rùn gígùn, ó ṣàn bí omi amọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dúró láàárín òróró ìtàkùn yẹn àti ara, kí èkíní má bàá dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ iwájú ilé, ọdún mẹ́fà ló ti dá gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, ti gbéyàwó, ó ti lọ sí òdìkejì ìlú. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì kan, pẹpẹ kan, fèrèsé kan tó dojú kọ irin. Àga ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e; àpò iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbé síbẹ̀, á sì tún un gbé kó lè jókòó dáadáa. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo ife orí pẹpẹ ló máa ń gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ kú ìrìn o." Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé èmi ló ń kí. Mo máa ń dáhùn.

Ẹ bá mi wo bó ṣe máa ń para. Láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti wẹ̀, á gbọ̀n ike náà bí ẹni ń jí ọ̀lẹ ọmọ. Á dà á sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ìka kọ̀ọ̀kan, á fi pa ọrùn ọwọ́, á gòkè dé èjìká, á kan ọrùn, á bẹ̀rẹ̀ fún kókósẹ̀. Bó bá ṣe ń gbẹ ló ń funfun, bí ẹni tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Bó ṣe funfun yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀: ibi tí kò bá ti funfun, ìpara ò sí níbẹ̀, ewé yóò sì rí i. Nítorí náà ni mo ṣe níṣẹ́.

"Wo ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ mi, ṣé ó kàn níbẹ̀?"

Èmi á wò ó títí, mà á mirí bíi dókítà. "Màmá, kò kàn níbì kankan o. Ẹ̀yìn yín dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ tún un pa látìbẹ̀rẹ̀." Á fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ náà gbá mi lórí, á rántí pé ìpara ò tíì gbẹ, á sì dáwọ́ dúró. Aláwàdà ló ń pè mí.

Ó gbọ́dọ̀ para ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán kó tó sún mọ́ ewé, nítorí náà á jókòó, á na apá méjèèjì síta bí àkùkọ tí òjò pa, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Àkókò yẹn gan-an ni imú máa ń yún un. Lójoojúmọ́. Imú ò mọ ìgbà.

"Aláwàdà, imú ń yún mi."

Mà á kọ́kọ́ họ àgbọ̀n rẹ̀. Mà á họ etí. Mà á bi í bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, òsì ni tàbí ọ̀tún, títí tí omijé fi máa lé sójú rẹ̀, kí n tó họ imú ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí n tó dé, ta ló máa ń bá a họ ọ́.

Ó ní, "Férémù ilẹ̀kùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo wo férémù náà. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí ọ̀dà ti ṣí, kò tóbi ju ojú èékánná lọ, ibi tí imú rẹ̀ ga dé gẹ́lẹ́. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bó bá dé nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kàn án. Á yà sẹ́yìn ilé, á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ńlá méjèèjì, tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, tó ti pẹ́ débi pé ìka wọn ti ká kò bí ìka tirẹ̀. Á sá wọn sórí okùn. Lẹ́yìn náà ni á fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ìpara kúrò lára, omi funfun á sì máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Òróró ewé lè wà lára aṣọ àti irinṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn ni kì í ṣeé fi tàfàlà. Bí mo bá fẹ́ dì mọ́ ọn, á sún sẹ́yìn, á ní, "Dúró ná, jẹ́ n bọ́ awọ mi." Awọ mi ló ń pe ìbọ̀wọ́ yẹn, awọ mi náà ló ń pe ìpara. Àwàdà tirẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń dá a ṣe kí n tó dé, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Èmi ni mo gbé àwàdà náà jáde nílé.

Ọ̀gá mi télọ̀ ló bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí màmá mi kì í bọ èèyàn lọ́wọ́ tó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, pé ṣé ìgbéraga ni. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, mo lejú, mo ní, "Kò tíì bọ́ awọ ara rẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ kì í rí i lórí okùn ni?" Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Oníbàárà méjì rẹ́rìn-ín. Ẹni kẹta ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yọjú wo ẹ̀yìn ilé wa láti ojú fèrèsé, ó rí ọwọ́ méjì tó so rọ̀ lórí okùn, tí omi ń kán lára wọn, ó sì lọ sílé rẹ̀ láìmú ìwọ̀n.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mi ti gbéyàwó, ó ti bímọ. Wọ́n ní àrùn ni. Wọ́n ní ó máa ń ran èèyàn. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, tí Ìyá Rélùwéè bá dé, gbogbo èèyàn á ní kó kọ́kọ́ pọn, wọ́n á sì sún sẹ́yìn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì dípò kó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe ń tú aṣọ orí rẹ̀.

"Àdúgbò yìí ti ń bọ̀wọ̀ fún mi jù. Mo ti darúgbó ni àbí?"

Mo ní àgbà ti dé ni, mo sì yí ojú sí ògiri.

Ní oṣù yẹn ni ìyàwó wẹ́dà, ọmọ rẹ̀, bímọ, ọmọbìnrin. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sọ púpọ̀, àmọ́ ó gé èékánná rẹ̀ dé ìdí, ó ra ọṣẹ tí kì í ta ara ọmọdé, ó sì ń gbé ìrọ̀rí mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́, orí ìrọ̀rí ní ìgbọ̀nwọ́ òsì, bíi pé ó ń rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Ó lọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Wọ́n ní ọmọ ń sùn. Ó lọ ní èkejì. Ọmọ ń sùn. Ó padà wálé, ó ní ọmọ náà máa ga, torí oorun ló ń mú ọmọ dàgbà.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, kò tíì jáde tí ọmọ rẹ̀ fi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń di etí aṣọ kan.

"Màámi, ẹ jẹ́ kọ́mọ gbó díẹ̀ ná."

"Kó gbó tó ta ni? Kó gbó tó mi?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun ń bẹ̀rù ni, pé àwọn kan tó wá ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara Màámi.

"Kí ló ṣe ara mi?"

Wẹ́dà gbójú sókè, ó wo okùn tó wà lẹ́yìn ilé, ó tún wolẹ̀. Ọmọkùnrin tó dàgbà sábẹ́ okùn yẹn, tó yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì sùn dáadáa fún oṣù kan, ẹ̀rù ìyàwó sì ti di ẹ̀rù tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní sùúrù, Màámi." Ó lọ.

Mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbọ̀n ike. Mo na ọwọ́ sí i, mo rò pé ó gbàgbé. Ó ní rárá. Ó ní funfun yìí ló ń dẹ́rù bà wọ́n, òun á máa lo ìbọ̀wọ́ nìkan, òun mọ ewé yẹn, ewé náà mọ òun. Imú ò yún un láàárọ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó lè họ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ìtàkùn náà dáhùn. Ọrùn ló kọ́kọ́ pọ́n, ó kan èjìká, ó kan ẹrẹ̀kẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, ìléròrò ti tò láti apá òkè dé etí rẹ̀. Ọ̀gá wọn wò ó, ó ní kó lọ jókòó sílé títí ara á fi yá. Ó gba ẹ̀yìn àdúgbò wálé, gbogbo èèyàn sì rí i.

Ó jókòó sórí àpótí, ó na apá méjèèjì síta bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ lára.

Ó ní, "Irọ́ wọn ti di òótọ́ báyìí."

Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá. Àwọn ife gbọ̀n. Kò kí i. Ìyẹn ni n kò lè fara dà.

"Màmá, èmi ni mo sọ ọ́."

"O sọ kí ni?"

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láti orí abẹ́rẹ́ ẹnu mi títí dé orí ẹni kẹta tí kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ tútù gbóná lọ́wọ́ mi.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, mà."

"Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn dé, máa tẹ̀ lé e lọ. Má fi mí ṣe àwàdà níbẹ̀."

Mo kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé àwàdà ni, àmọ́ àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ báyẹn. Mo sọ fún ẹni búrẹ́dì, ó ní ó dáa, ó sì tún gbé búrẹ́dì kalẹ̀ lórí tábìlì. Òótọ́ ò ní ẹsẹ̀ tó irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀ ní bàtà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo mú ike ìpara, mo fi ìbọ̀wọ́ sínú ọ̀rá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó wẹ́dà.

Onídìrí ni. Obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀, ó sì ń fi basilíìnì pa obìnrin náà ní etí, ní iwájú orí, ní ìpàkọ́, kó tó fi rílásà tó ń na irun sí i. Ọmọ wà nínú agbọ̀n lórí àga kejì. Ojú rẹ̀ là kedere. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ti ń parọ́ mọ́.

Orúkọ tí ìyàwó wa ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ni Eyínmẹ́nugún. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín sí i.

Mo kí i. Mo ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ ń fi pa wọ́n létí?"

"Ṣé o ò mọ basilíìnì ni?"

"Kí ló wà fún?"

"Kí rílásà má bàá jó wọn. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ìyẹn tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Ó wo ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìṣó tó wà lára ògiri, níbi tí òmíràn tó ti fọ̀ gbé so rọ̀, ìka márùn-ún, tí omi ń kán lára rẹ̀. Oníbàárà náà yí orí, ó wò ó pẹ̀lú. Mo gbé ike ìpara kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ basilíìnì. Mo gbé ìbọ̀wọ́ màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ọ̀rá. N kò tún sọ nǹkan kan, ó sì ṣòro fún mi.

Ó bó tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó gbọ̀n ike náà, ó dà á díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi pa á, ó dúró títí ó fi funfun. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, funfun náà sì lọ. Ó ní ara tó sú ńkọ́, pé àwọn èèyàn ti rí i. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wọn sọ: pé ara tó sú kì í fò mọ́ ẹlòmíì, òróró ewé ló ń ṣe é, bí wọ́n bá sì ti fọ òróró náà kúrò lára àti lára aṣọ, ó parí. Mo ní ìgbà tí kò para mọ́ ni ara rẹ̀ tó sú. Mo sọ ìdí tí kò fi para.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ awọ yìí?"

"Èmi ni."

Ó wò mí. "Eyínmẹ́nugún. Ìwọ lo jẹ́ kí n máa parọ́ fún ìyá ọkọ mi pé ọmọ ń sùn." Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. "A máa wá ní ọjọ́ Àìkú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

N kò sọ, àfi fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ní ọjọ́ Àìkú náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wẹ̀ ní ọ̀sán, ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó gbé àpò kúrò lórí àga ọkọ rẹ̀. Ó jókòó. Awọ apá rẹ̀ ti ń bó fẹ́ẹ́lẹ́fẹ́ẹ́lẹ́ bí ìléròrò ṣe ń gbẹ. Ó fi ìka yọ èyí tó ti ṣí, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé.

"Wò ó, Aláwàdà. Mo ti ń bọ́ ọ lóòótọ́."

Ẹnu mi kún fún èsì mẹ́ta. Mo gbé wọn mì.

Kò sẹ́ni tó wá. Ọkọ̀ ojú irin márùn-ún kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó dìde, ó gbé àpò padà sórí àga, ó tún un gbé kó lè jókòó dáadáa, ó sì ní bóyá ara ọmọ ò yá. Ó bọ́ aṣọ tó dáa, ó ká a pa mọ́. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ ti jinná, ó padà síbi iṣẹ́. Ó gbọ̀n ike, ó na apá síta. Imú yún un. Mo họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó yẹ, láìbéèrè. Ó wò mí, ó ní, "O ò ṣeré mọ́?" Mo bá họ àgbọ̀n rẹ̀.

Wọ́n wá ní ọjọ́ Àìkú kejì. Òtútù ló ti dá ọmọ dúró ní ti ìṣáájú. Ìyàwó wẹ́dà gba iwájú ilé wọlé, kò gba ẹ̀yìn, ó sì rìn pẹ̀lẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kí gbogbo ojú lè rí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní "Màmá, ẹ máà bínú," ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gba ọmọ náà, orí ní ìgbọ̀nwọ́ òsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Mo rí i tí imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo dìde, àmọ́ ó mi orí fún mi. Ó tẹ ojú wálẹ̀, ọmọ náà sì fi ìkúùkù kékeré gbá a nímú.

Wọn ò pẹ́. Ìṣẹ́jú ogójì ni, mo wo aago. Nígbà tí wọ́n lọ tán, yàrá náà tún dákẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, apá rẹ̀ òsì sì ṣì ká bí ẹni tó gbé nǹkan dání. Ọkọ̀ ojú irin kan ń bọ̀. Ó dúró kí àwọn ife gbọ̀n, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, oníbàárà tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn padà wá fún ìwọ̀n aṣọ rẹ̀. Ó na ọrùn sí fèrèsé, ó fohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bi mí pé kí wá ni ohun tó wà lórí okùn yẹn gan-an. Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ìbọ̀wọ́ ni, mà. Awọ màlúù ni."